Ọmọ mélòó ni kí n bi léèrè? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ètò ìwádìí oníṣirò

Ìbéèrè: Mo fẹ́ wádìí bóyá àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀fà tó ń jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé mọ ìṣirò ju àwọn tí kì í jẹ lọ. Olùkọ́ mi ní kí n kọ ètò rẹ̀ wá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì tẹ ìwé ìbéèrè kankan. Ẹni tó ń hun òfì n'Ílọrin kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka òwú nígbà tí aṣọ bá dé ìdajì.

Ohun méjì ni ẹ fẹ́ wọ̀n: oúnjẹ àárọ̀ àti máàkì ìṣirò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pàtó. Oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ wo? Máàkì ìdánwò wo, nínú 40 ni àbí nínú 100? Lẹ́yìn náà, ẹ ya tábìlì tó máa gbé èsì yín, kí ẹ fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ibi tí ẹ ò bá mọ ohun tó máa wọ̀ ọ́, ìbéèrè rẹ̀ ni ẹ ò tíì rò.

Ẹ tún ro ohun mìíràn tó lè fa máàkì kékeré. Ọmọ tí kò jẹun lè jẹ́ ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn rìn wá, tàbí tó wá láti ilé tí kò sí owó ìwé. Bí ẹ ò bá béèrè ìyẹn, ebi nìkan ni ẹ máa dá lẹ́bi.

Ìbéèrè: Ká ní gbogbo àwọn ọmọ náà jẹ́ 1,200. Mélòó ni kí n ṣà?

Ìlànà Taro Yamane, tó ń sọ iye ẹni tó yẹ ká ṣà, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Ẹ fi 0.05 lọ́po ara rẹ̀, ó di 0.0025. Ẹ fi 1,200 lọ́po rẹ̀, ó di 3. Ẹ fi 1 kún un, ó di 4. Ẹ wá pín 1,200 sí ọ̀nà 4, ó di 300. Bí wọ́n bá jẹ́ 10,000, ẹ máa rí 385. Bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ 100,000, 399 péré ni. Àwọn tí à ń wádìí di ìlọ́po mẹ́wàá, iye tí a ó ṣà ò sì fi ogún kún.

Ìtumọ̀ 0.05 yẹn ni pé bí 60 nínú 100 bá ní àwọn jẹun, ó ṣeé ṣe gan-an kí òótọ́ rẹ̀ wà láàárín 55 sí 65. Àwọn kan ń fi 0.10 rọ́pò rẹ̀ kí iṣẹ́ lè dín kù. Lóòótọ́, 93 ni wọ́n máa ṣà, àmọ́ 60 wọn ti di ohun kan láàárín 50 sí 70.

Ìbéèrè: Ṣé 300 ti tó nìyẹn?

Kò tíì tó, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ìwádìí tó kàn fẹ́ mọ iye àwọn tó jẹun ni ìlànà yẹn wà fún. Ẹ̀yin ń fi ọ̀wọ́ méjì wéra, ìṣirò tiyín yàtọ̀. Ẹ wá ìfọ́nká máàkì, ìyẹn bí máàkì àwọn ọmọ ṣe jìnnà síra tó: òun ni nọ́ńbà tí STDEV inú Excel máa gbé jáde bí ẹ bá ko máàkì táàmù tó kọjá síbẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 15, tí ẹ sì fẹ́ mọ ìyàtọ̀ máàkì 5. Ẹ fi 15 lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi 16, tó jẹ́ nọ́ńbà ìlànà yìí, lọ́po èyí, kí ẹ wá pín in sí 25 (5 lọ́nà 5). Ó di 144 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ 1 nínú 5 ni kì í jẹun, 60 irú wọn péré lẹ máa bá nínú 300. Ó máa gbà tó 720 ọmọ kí ẹ tó rí 144. Bí ìyẹn bá ju agbára yín lọ, ẹ yí ìbéèrè padà báyìí, ẹ má dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù bá ti kún ilẹ̀.

Ẹ sì rántí àwọn tí kò ní wá tàbí tí òbí wọn máa kọ̀. Bí ẹ bá ń retí pé 1 nínú 10 máa yẹ̀, ẹ pín iye yín sí 0.9: 720 á di 800.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe ṣà wọ́n?

Ẹ gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá iléèwé, kí ẹ fi nọ́ńbà sí orúkọ láti 1 dé 1,200. Bí ẹ bá ń ṣa 800, ẹ jẹ́ kí Excel yan nọ́ńbà fún yín. Ẹ má ní kí tíṣà mú ọmọ wá o: ó máa mú àwọn tí ara wọn yá. Kí ẹ tó bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀, ẹ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí nílé ìwé yín, ti àwọn iléèwé náà àti ti òbí. Ọmọ fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà.

Ìbéèrè: Ìwé ìbéèrè mi ti wà. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lọ́dọ̀ ọmọ bí 30 tí kò sí lára àwọn tí ẹ ṣà. Ẹ wo ìbéèrè yìí: “Ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí?” Ọmọ tó mu kókó, tí kò fi àkàrà sí i, lè ní rárá, nítorí mímu là ń mu kókó, a kì í jẹ ẹ́. Òmíràn ò jẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú á tì í, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í báyìí: “Láàárọ̀ yìí, kí o tó dé iléèwé, kí lo jẹ, kí lo sì mu?” Kí ẹ wá kọ ohun tó bá dárúkọ.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Bí ọjà ìtòsí bá jẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, tí ẹ sì ń lọ lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, ẹ lè máa bọ́ sọ́jọ́ ọjà léraléra, àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn tajà ò sì ní sí ní kíláàsì. Nínú oṣù Ramadan, ẹ má béèrè rárá: ọmọ tó gbààwẹ̀ ti jẹ sààrì, ẹ ò sì ní mọ ọ̀wọ́ tó yẹ kí ẹ fi í sí.