Ìgbà Ìrúwé Ni, Kì í Ṣe Orísun Omi

Láràárọ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé e sórí WhatsApp ẹbí wa: ohun tí òní jẹ́, ẹni tí wọ́n bí lónìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń ṣà á jọ, ẹ̀rọ ló sì ń bá a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nítorí ìyá rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta, kí n tó fọ ẹnu, ó ti dé: "Ẹ kú Àyájọ́ Ọjọ́ Ayọ̀ Lágbàáyé. Òní ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ti orísun omi."

Ìyá rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Bódìjà nílùú Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ fi ohùn dáhùn: "Orísun omi ibo? Ṣé bóhòlù tí wọ́n ṣèlérí yẹn ni wọ́n ti gbẹ́?"

Mi ò dá a lẹ́bi. Kànga ilé wọn ti gbẹ láti oṣù kejì, kẹ́ẹ̀gì ló fi ń ra omi, ooru sì ń mú bí ẹni pé inú ààrò la wà. Ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, bí o bá ní orísun omi bẹ̀rẹ̀ lónìí, garawa ni yóò gbé.

Ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ ni ìgbà ìrúwé, ìgbà tí igi tó ti wà ní ìhòòhò látinú òtútù ń rúwé padà nílùú àwọn Òyìnbó. Ẹ̀rọ ló ṣì í lọ́nà, mo sì mọ ibi tó ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "spring", ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún nǹkan mẹ́ta: ìgbà yìí, ojú ibi tí omi ti ń sun láti inú ilẹ̀, àti irin wíwé tí a bá tẹ̀ tí yóò tún ta padà. Ìdí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá: kí nǹkan ta jáde. Omi ta, irin ta, ewé náà ta. Lẹ́nu tiwọn, ó bọ́gbọ́n mu. Lẹ́nu tiwa, kò sí ohun tó da omi pọ̀ mọ́ ewé níbẹ̀. Ẹ̀rọ rí ọ̀rọ̀, kò rí igi. Bó bá jẹ́ ìkẹta ló mú ni, à bá máa kí ara wa pé ẹ kú sípíríǹgì, àwọn tó ń ta pàátì mọ́tò ní Gate ì bá sì rò pé oníbàárà ti dé.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó ti ń ràn. Mo rí "aṣọ orísun omi" níbi tí wọ́n ti ń polówó ẹ̀wù, bí ẹni pé ẹja ni wọ́n fẹ́ tà á fún.

Ìrúwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan jókòó sí ọ́fíìsì hun. Igi a máa wọ́wé, igi a sì máa rúwé. Ọmọ tí àràbà bá wà lẹ́yìnkùlé wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọ ilé ìwé. Nítorí náà, nínú ìgbà mẹ́rin àwọn Òyìnbó, méjì tó ń fún wa ní ìṣòro, ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé, ìbejì ni wọ́n: bí o bá ti rí Táíwò, Kẹ́hìndé ò jìnnà. Ẹ̀rọ kan náà ló pe ìwọ́wé ní "ìgbà ìrẹ̀dànù ewé". Ìyẹn kò burú tó ti omi, ó kàn dún bí ìráhùn ẹni tó ń gbálẹ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ní èmi náà ṣì í, pé "ìgbà àkọ́rọ̀" ló yẹ, torí oṣù kẹta ni àkọ́rọ̀ òjò ń bọ́ sílẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Òjò wo? Ní London, òjò ń rọ̀ ní ìgbà òtútù, ó ń rọ̀ ní ìgbà ooru, kò dúró de àkókò kankan. Ní South Africa sì rèé, oṣù kẹsàn-án ni ìrúwé tiwọn ń bẹ̀rẹ̀. Àkọ́rọ̀ Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ti Ìbàdàn.

Àtakò tó le jù wá látẹnu tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní bó bá ṣe pé ìrúwé ni, a jẹ́ pé àwa náà ní in, ṣebí igi àgbàlá àwọn ń rúwé lọ́wọ́. Òótọ́ ni, sà, ó ń rúwé. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ló bọ́ aṣọ lára igi tiwa. Òtútù àti ọ̀sán kúkúrú ló bọ́ ọ lára tiwọn. Ìrúwé nìkan kọ́ ló ń sọ ìgbà di ìgbà ìrúwé; ohun tó bọ́ igi láṣọ ló ya tiwọn sọ́tọ̀ sí tiwa.

Èmi, ìdánwò kan péré ni mo fi ń yẹ orúkọ ìgbà wò: gbé e sẹ́yìn "ẹ kú". Ẹ kú ooru. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ẹ kú ìrúwé: ẹnu gbà á. Ẹ kú orísun omi: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kànga là ń kí.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n mú iná lọ, ọmọ náà sì wà lọ́dọ̀ mi. Mo mú àgbálùmọ̀ kan nínú ọ̀rá, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún un láti ìdí yọ sí orí, oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá. Mo gbé fìtílà sáàárín tábìlì: òun ni oòrùn, àgbálùmọ̀ ni ayé. Mo dẹ ìgbálẹ̀ náà díẹ̀ kí orí rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà, mo ní kó máa gbé e yí fìtílà ká, ṣùgbọ́n ibi yòówù kó dé, ẹnu ọ̀nà ni kí orí ìgbálẹ̀ ṣì máa kọ sí. Nígbà tó wà ní òdìkejì fìtílà, orí yẹn tẹ̀ síná: ìgbà ooru rèé. Nígbà tó bọ́ sáàárín fìtílà àti ẹnu ọ̀nà, orí yẹn yẹra fún iná: òtútù dé. Láàárín méjèèjì, ó dé ibì kan tí orí kò tẹ̀ síná, tí kò sì yẹra fún un; ìmọ́lẹ̀ la àgbálùmọ̀ sí méjì gẹ́rẹ́, láti orí dé ìdí.

"Dúró síbẹ̀," mo ní. "Òní nìyẹn."

Ọ̀sán àti òru di ọgbọọgba káàkiri ayé, ọ̀sán sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ju òru lọ fún àwọn tó wà ní ìdajì ayé ti apá òkè. (Àwọn tó bá fẹ́ máa ka ìṣẹ́jú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ máa kà á. Àwọn tó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni ìrúwé ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ni.)

Ọmọ náà fi bíró kọ London sí apá òkè àgbálùmọ̀, ó kọ Ìbàdàn sí ìtòsí ìbàdí, torí dígíríì 7 àti díẹ̀ la fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì. Orí ló ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, ìbàdí kò mọ nǹkan kan. Ọ̀sán tó gùn jù ní London ju wákàtí 16 lọ, èyí tó kúrú jù kò pé 8. Tiwa, ìyàtọ̀ àárín èyí tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò pé wákàtí kan.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ wọn ò kàn wá o. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta ni wọ́n ń sún aago síwájú nílùú Ọba, tiwọn á wá bá tiwa dọ́gba. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé á di aago mẹ́ta; ẹni tí kò bá mọ̀, abala kejì ni yóò bá ní ilé ìwòran. Àwọn ará Ìráàn, ọjọ́ ọgbọọgba yìí ni ọdún tuntun wọn. Àjíǹde náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á: Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń dúró sójú kan bíi Kérésìmesì.

Ọmọ náà gbọ́. Ó jẹ àgbálùmọ̀ náà, àti London àti Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ti Sharpeville ní South Africa wá, níbi tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa èèyàn 69 ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960. Ẹnikẹ́ni ò bá a ṣàwàdà. Ní ọjọ́ 22, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò fún ẹ̀rọ: "Ẹ kú ìrúwé. Òní ni Àyájọ́ Ọjọ́ Omi Lágbàáyé."

Ohùn ìyá rẹ̀ wọlé láti ọjà, ariwo alábàárù lẹ́yìn rẹ̀: "Ìrúwé ọ̀hún ò tíì kan ẹ̀fọ́ ní Bódìjà o, ẹ ò rí iye tí mo ra ìdì tẹ̀tẹ̀ láàárọ̀ yìí. Omi yẹn ńkọ́, ṣé òun náà tún wà ní London ni?"