Ṣé ó rẹ tíṣà ni, àbí iṣẹ́ ti sú u?

Kò sí tíṣà tí kì í rẹ̀. Kí ló wá mú burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ súni pátápátá, yàtọ̀ sí másùnmáwo?

Èdè wa ti là á sí méjì tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó ti oko dé lè ní "ó rẹ̀ mí", kò sì túmọ̀ sí pé kò ní padà lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "ó ti sú mi", ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti iṣan àti eegun. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò fẹ́ fojú kan oko náà mọ́.

Másùnmáwo wà lápá rírẹ̀. Ẹrù pọ̀ ju agbára lọ: WAEC ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sílábọ́ọ̀sì kò tíì parí, ọ̀gá sì ń béèrè rẹ́jísítà. Àyà tíṣà ń já, oorun rẹ̀ ń já, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ṣì wà lára iṣẹ́ náà. Ó ń fẹ́ kí wọ́n yege, ìdí gan-an tí ara fi ń ni ín nìyẹn.

Burnout wà lápá sísú. Ẹni tó dé bá kì í sáré mọ́, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ bínú mọ́. Wọ́n yege ni o, wọn ò yege ni o, bákan náà ló rí lójú rẹ̀.

Ìsinmi ló máa ń fi ìyàtọ̀ náà hàn jù. Ẹni tó kàn rẹ̀, tí ó bá sùn dáadáa ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tàbí tí wọ́n bá gba ọlidé Kérésì, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sípò. Ẹni tí iṣẹ́ sú lè lo gbogbo ọlidé gígùn tó tẹ̀ lé sáà kẹta, kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ó tún máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí Mọ́ńdè àkọ́kọ́ tó mọ́, inú rẹ̀ á ti tún wúwo bí ẹni gbé odó mì.

Ta ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò? Ṣé àìsàn ni?

Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní New York, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1974, lẹ́yìn tó rí bó ṣe ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́. Ní 1981, Christina Maslach àti Susan Jackson gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tí wọ́n wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn olùkọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kò pè é ní àìsàn. Nínú ẹ̀dà kọkànlá àkójọ àìsàn wọn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2022, wọ́n kà á mọ́ ohun tí iṣẹ́ ń dá sílẹ̀. Wọ́n ní inú másùnmáwo ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí a kò sì rí ojútùú sí ló ti ń wá. Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ó sọ fún wa pé ibi iṣẹ́ náà la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe orí tíṣà nìkan.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀ lára tíṣà?

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò, olúkúlùkù sì ní bó ṣe ń jáde nínú kíláàsì.

Ti àkọ́kọ́ ni kí agbára tán. Tíṣà jí láàárọ̀ bí ẹni tí kò sùn rárá. Orí ń fọ́ ọ láti ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Tó bá kọ́ kíláàsì méjì tán, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kíláàsì mẹ́ta ṣì wà níwájú. Àmì yìí nìkan kò tó láti fi dájọ́, torí pé másùnmáwo náà ń mú un wá.

Ìkejì ni kí ọkàn fà sẹ́yìn, òun sì ni ó yẹ kí ojú wà lára rẹ̀ jù. Ẹ ó rí i pé tíṣà tó máa ń pe ọmọ ní orúkọ tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní "àwọn ẹranko yìí". Ó ń gbé nóòtì fún kápútéènì kíláàsì kí ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, òun á sì jókòó síwájú kíláàsì, á máa wo fóònù. Lẹ́sìn nóòtì èṣí ló ń yí déètì rẹ̀ padà. Ó ń fa máàkì sí ìwé tí kò kà. Aago lù, kò dìde títí ẹnìkan á fi wá pè é. Ọwọ́ rẹ̀ lè máa yá sí pàṣán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí kí ó má bá ẹnikẹ́ni wí mọ́ rárá. Méjèèjì ń ti ibì kan náà wá: kò rí ọmọ náà bí ènìyàn kan tí ó ní orúkọ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni kí ó gbà pé iṣẹ́ òun kò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ tó kọ́ gba A nínú ìṣirò, ó ní "ilé lẹ́sìn ló ṣe é". Ọmọ mìíràn fìdí rẹmi, ó ní "mo mọ̀ tẹ́lẹ̀". Kò sí ìròyìn tó lè tù ú nínú.

Ṣé kì í ṣe pé ọ̀lẹ kàn rí orúkọ tuntun fi bojú ni?

Ẹ wo ìtàn tíṣà náà. Ọ̀lẹ ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á, kì í sì í dùn ún. Ẹni tí iṣẹ́ sú máa ń ní ìgbà kan tí ó ń dúró lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra káàdíbọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì. Ohun tó wá yí padà yẹn ni àmì. Ó sì sábà máa ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, tí yóò fi kún iṣẹ́ láti fi bo ìtìjú, tí ọ̀rọ̀ á sì burú sí i.

Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni mo ń tọ́jú ní gbogbo oṣù. Ṣé òun náà ni?

Ó ṣeé ṣe, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ má ra oògùn ibà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, tí àárẹ̀ kò sì lọ, ẹ sọ fún dókítà kí ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ súgà, àti thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun. Ìkọ̀ọ̀kan wọn lè mú kí ó rẹ ènìyàn bí ẹni tí iṣẹ́ sú, wọ́n sì ní ìtọ́jú tiwọn. Ẹni tó sọ pé burnout ni láìyẹ ìwọ̀nyí wò ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ńkọ́?

Burnout ń so mọ́ iṣẹ́. Tíṣà náà ṣì lè jó níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, kí oúnjẹ dùn mọ́ ọn lẹ́nu, kí ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í dúró sí ilé ìwé. Ó ń tẹ̀ lé ènìyàn wọlé, dé orí bẹ́ẹ̀dì, dé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Bí inú bá bàjẹ́ tàbí tí ohunkóhun kò wu ènìyàn mọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Sísú tí a kò tọ́jú lè ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn méjèèjì sì lè wà lára ẹnìkan ṣoṣo.

Bí èrò pé ikú yá jù bá ti ń wá síni lọ́kàn, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ sọ fún ẹnìkan nínú ilé, kí ó sì bá yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àdúrà dára, kí wọ́n máa gbà á lọ́nà ilé ìwòsàn.

Kí ló ń fà á tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan ní kíláàsì 6, ọmọ 60 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n kọ àròkọ kan ṣoṣo: ìwé 360 ló ń dúró dè é. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 1,800 nìyẹn, wákàtí 30. Bí ó bá ń fi wákàtí 2 máàkì lálaalẹ́, alẹ́ 15 ni yóò gbà á, lórí àròkọ kan. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ètò ẹ̀kọ́ ní ọmọ 35 fún olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí wé kíláàsì tí ẹ mọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ púpọ̀ nìkan kọ́. Maslach àti Michael Leiter ka nǹkan mẹ́fà tó máa ń wọ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ rẹ̀: bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, bí ènìyàn ṣe ní ẹnu lórí iṣẹ́ ara rẹ̀ tó, èrè, àjọṣe, àìṣègbè, àti ohun tí ọkàn ẹni kà sí. Lójú tiwa, àìṣègbè ló ń pa tíṣà jù. Ẹni tó ń múra síṣẹ́ ni wọ́n ń gbé kíláàsì ẹni tí kò wá lé lórí, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹni tó mọ ọ̀gá ń lọ sílé ní aago méjìlá. Ti ohun tí ọkàn kà sí náà le: kí wọ́n ní kí tíṣà fi máàkì kún ti ọmọ olówó, tàbí kí ó wojú kúrò nígbà tí wọ́n ń kọ ìdáhùn fún àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Oorun kò lè wo irú ọgbẹ́ yẹn sàn.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ ara mi wò?

Ìwé ìbéèrè Maslach fún olùkọ́ ní gbólóhùn 22, èèyàn á sì sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí i tó, láti 0, ìyẹn rárá, dé 6, ìyẹn lójoojúmọ́. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá kà fún ara rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe nílé nìyí: ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, láti 0 dé 10. Báwo ló ṣe rẹ̀ mí tó? Báwo ni àwọn ọmọ náà ṣe jọ mí lójú tó lónìí? Ǹjẹ́ mo ṣe ohun kan tó wúlò? Ẹ kọ ọ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú, kí ẹ sì fi àmì sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ń ga lọ́sẹ̀ ìdánwò tó sì ń wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ìkejì àti ìkẹta kò mì, másùnmáwo ni. Bí ìkejì àti ìkẹta bá ń lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí òpin ọ̀sẹ̀ kò gbé wọn sókè, sísú ti ń wọlé. Kì í ṣe ìdájọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ máa sọ fún dókítà pé "ara mi ò kàn dá".

Kí ni mo lè ṣe nígbà tí n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ èwo nínú nǹkan mẹ́fà yẹn ló ń dùn yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á lọ sinmi nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gàn ló ń pa wọ́n, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ilé ìwé nítorí ẹrù, kí wọ́n sì bá ẹrù kan náà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹrù, ọ̀nà kan wà tí ń dín ìwé kù. Pín ọmọ 60 sí ọ̀nà mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ yìí, ka ìwé 20 dáadáa. Kí àwọn 40 yòókù pààrọ̀ ìwé láàárín ara wọn, kí wọ́n fi ohun mẹ́ta tí o kọ sójú bọ́ọ̀dù yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan 20 mìíràn. Kíláàsì 6 di ìwé 120, wákàtí 10 dípò 30, ojú rẹ sì kan ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó máa ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni ọ̀gá tó ń ka iye ìwé tí bírò pupa wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ìṣirò yìí hàn án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì lọ sọ pé "iṣẹ́ pọ̀" máa gba sùúrù. Ẹni tó bá gbé wákàtí 30 síwájú ọ̀gá lè gba ìdáhùn.

Gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí náà ń jẹ alẹ́ tíṣà. Ẹ yí i sí èyí tí alábòójútó nìkan lè fọ̀rọ̀ sí, kí ẹ sì yan wákàtí kan lóòjọ́ tí ẹ ń dá òbí lóhùn.

Ẹ má kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn sáà. Kò sí ìgbà tí ìdájọ́ ènìyàn burú tó ìgbà yẹn. Ẹ má sì retí kí ọ̀sẹ̀ kan tún un ṣe. Ohun tó pẹ́ kó tó wọ ara máa ń gba oṣù kó tó jáde.

Ṣé kí n kàn fara dà á títí di ìfẹ̀yìntì?

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti 60 sí 65, ó sì gbé ọdún iṣẹ́ láti 35 sí 40. Ọdún tó kù ti gùn jù láti fi fara dà á.

Ọ̀gá ilé ìwé ni mí. Kí ni kí n máa wò?

Ẹ wo àkọsílẹ̀ ẹni tó ń ṣe díwútì àti ẹni tó ń di kíláàsì ẹlòmíràn mú láàárín sáà kan, kí ẹ sì ka orúkọ. Bí orúkọ mẹ́ta bá ń yọjú ju ti gbogbo èèyàn lọ, àwọn mẹ́ta yẹn ni iṣẹ́ máa kọ́kọ́ sú. Ẹ má bá tíṣà wí lójú àwọn ọmọ ní àsẹ́ńbílì. Ẹ̀bùn ọjọ́ kárùn-ún oṣù Kẹwàá, Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́, dára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kápù àti ankara fún ẹni tí ẹ kò gba kíláàsì kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní yí.

Tí ẹ bá pe tíṣà náà, ẹ má béèrè pé "ṣé kò sí o?", torí "kò sí, sà" ni yóò fi dáhùn. Ẹ bi í pé, "Èwo nínú iṣẹ́ rẹ ni kí n gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ ní sáà yìí?", kí ẹ sì gbà á ní tòótọ́. Ẹ sì tètè pe ẹni tó máa ń bá yín jiyàn nínú ìpàdé tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́. Ẹni tó ṣì ń jiyàn ṣì ń retí pé nǹkan lè dára.