Klipschorn: Àtúnṣe àti àtúntò sípíkà oníwo tí ń gbé igun ilé

Klipschorn jẹ́ sípíkà ńlá oníwo tí wọ́n ṣe láti máa gbé sí igun yàrá, níbi tí ògiri méjì ti pàdé. Paul Wilbur Klipsch, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1904, ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí ìwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1943, ó sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Hope, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ní ọdún 1946 láti máa ṣe é tà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é, ohun tí ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín àwọn ẹ̀rọ orin ni. Nítorí pé igi ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, tí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ sì ṣeé tú kí a tún wọn dè, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe ní àádọ́ta tàbí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì ń kọrin nínú ilé, bí ẹni tí ó ni wọ́n bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú wọn.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí

Klipsch kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní New Mexico, ó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú irin tí ń lo iná ní orílẹ̀-èdè Chile, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Yunifásítì Stanford. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó gbé e dé Hope, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ní pápá tí wọ́n fi ń dán ohun ìjà wò. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú kan igun ilé: onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Paul Voigt, ti ṣe sípíkà oníwo ti igun ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1930. Ọ̀nà tí Klipsch gbà ká ìwo náà mọ́ra nínú àpótí ni ó jẹ́ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Vitavox ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilé-iṣẹ́ Electro-Voice ní Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti lo ìhùmọ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ Tannoy sì gbé sípíkà Autograph, tí òun náà ń gbé igun ilé, jáde ní ọdún 1953. Púpọ̀ nínú ohun tí ó tẹ̀ lé e nípa àtúnṣe ló bá àwọn wọ̀nyí mu pẹ̀lú.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ kàkàkí láàfin mọ̀ pé èémí ẹnì kan ṣoṣo lè kún gbogbo àgbàlá, nítorí pé ọ̀pá tí ó gba èémí náà ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ sí gbangba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwo sípíkà ṣe ń ran awọ kékeré tí ń gbọ̀n lọ́wọ́ láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohùn ìsàlẹ̀ ní ìgbì gígùn. Ìgbì ohùn tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn ju mítà 8 lọ, ìwo tí yóò sì gbé irú rẹ̀ dáadáa ní ìta gbangba yóò nílò ẹnu tí kò sí ẹni tí yóò gbà á sínú pálọ̀. Klipsch ká ọ̀nà ìwo náà sínú àpótí, ó sì jẹ́ kí ohùn gba ẹ̀yìn àpótí jáde sí igun, kí ògiri méjèèjì àti ilẹ̀ yàrá bá a parí ìyókù ìwo. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn àwọn ti àtijọ́ fi wà ní ṣíṣí. Igun ilé jẹ́ ẹ̀yà kan lára sípíkà yìí, gẹ́gẹ́ bí pákó àti irin òòfà rẹ̀ ti jẹ́, àtúnṣe tí kò bá sì dé ibẹ̀ kò tíì parí.

Àpótí náà ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 130, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 80. Sípíkà bébà oní-íǹṣì 15 ni ó wà nísàlẹ̀, nínú yàrá kékeré tí a sé pa, tí ó ń gba ihò tóóró kan sọ ohùn sínú ìwo. Lókè ni ìwo ohùn àárín wà; nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láti àwọn ọdún 1960, ìwo onírin K-400 ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ K-55 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ K-77, tí ń gbé ohùn òkè, kéré púpọ̀. Kurọ́sófà ni ó ń pín iná orin fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú irú tí a ń pè ní AA, ìpààlà wà ní 400 Hz àti 6000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Pẹ̀lú wáàtì kan ṣoṣo, sípíkà náà ń gbé ohùn tí ó tó nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó) 104 jáde ní ìwọ̀n mítà kan, èyí tí ó ju ti ọ̀pọ̀ sípíkà inú ilé lọ jìnnà.

Àyẹ̀wò àti àtúnṣe

Kí a tó tú ohunkóhun, ó yẹ kí a ya àwòrán bí wáyà ṣe so, kí a sì kọ nọ́ńbà inú lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn sílẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì náà ni ó ń sọ ọdún àti irú igi tí wọ́n fi ṣe é, kò sì yẹ kí fáníìṣì tàbí sáńpépà kàn án. Lẹ́yìn náà ni a ó fi tẹ́sítà wọn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní òtún àti ní òsì. Bí èyí tí ń gbé ohùn òkè bá ti kú, kọ́ìlì rẹ̀ tí ó tín-ín-rín ni ó sábà máa ń jó, a sì lè pààrọ̀ awọ rẹ̀ láìpààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Nípa sípíkà oní-íǹṣì 15, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré pààrọ̀ rẹ̀ láìnídìí. Etí rẹ̀ kì í ṣe fóòmù tí ń jẹrà bíi ti ọ̀pọ̀ sípíkà àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ó le, ó sì ká bí ìpele-ìpele, ó sì lè pẹ́ ju ẹni tí ó rà á lọ. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń jò ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ilẹ̀kùn kékeré tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ sípíkà náà ní rọ́bà tàbí fóòmù tí ń gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, gúlùù ibi tí pákó ti pàdé pákó sì lè là. Pípààrọ̀ fóòmù ilẹ̀kùn náà àti fífi gúlùù dí ojú tí ó là kò ní owó nínú, síbẹ̀ ó máa ń dá ohùn tí ó ti sọnù padà.

Kurọ́sófà ni ọjọ́ orí máa ń hàn lára rẹ̀ jù. Kàpásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tí ń tọ́jú iná) inú agolo olóróró, tí ó sábà jẹ́ 13 µF (máíkírófáràdì) fún ohùn àárín àti 2 µF fún ohùn òkè, máa ń di aláìlera, ohùn á sì dùbúlẹ̀ bí ẹni pé aṣọ bò ó. Iye kan náà ni kí a fi pààrọ̀ wọn, ní sípíkà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣọ́ra gidi wà nínú èyí: òróró inú àwọn kàpásítọ̀ tí wọ́n ṣe kí ọdún 1979 tó dé lè ní kẹ́míkà PCB, tí ó léwu fún ara ènìyàn. A kò gbọdọ̀ lu agolo náà, a kò sì gbọdọ̀ jù ú sórí ààtàn. A ó wọ ìbọ̀wọ́, a ó sì kó wọn fún àwọn tí ń gba pàǹtírí olóró. Tiráńsífọ́mà kékeré inú kurọ́sófà kì í sábà bàjẹ́, kí a fi í sílẹ̀.

Igi tí ó wà lójú àpótí jẹ́ ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí páláìwúùdù. Káfíńtà tí ó bá fi ẹ̀rọ sáńpépà lé e yóò gé e kọjá kí ó tó mọ̀. Ìnùmọ́ àti òróró igi ti tó fún èyí tí kò họ púpọ̀.

Àtúntò

Ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń yí padà jù lọ ni ohùn àárín. Ìwo K-400 jẹ́ irin, irin sì máa ń dún bí a bá lù ú. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń lẹ nǹkan rírọ̀ tí ó wúwo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn ń fi ìwo onígi tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ohùn àárín tí ó bá pariwo jù ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ láìra ohunkóhun: lórí tiráńsífọ́mà kurọ́sófà, ojú ìsowáyà kan sí èkejì jẹ́ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3. Àtúntò tí ó jinlẹ̀ jù ni lílo kurọ́sófà kọ̀ǹpútà pẹ̀lú áńpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ohùn ìsàlẹ̀ ń rìn nínú ìwo kíká gùn ju ti ìyókù lọ, ó sì máa ń pẹ́ dé etí. Kọ̀ǹpútà lè dá ohùn àárín àti ti òkè dúró díẹ̀ kí gbogbo wọn lè jọ dé. Irú iṣẹ́ yìí dára bí a bá ṣe é láìlu ihò tuntun sára àpótí, tí a sì kó àwọn ẹ̀yà àtètèkọ́ṣe pamọ́, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lè rí i dá padà.

Níwọ̀n bí wáàtì díẹ̀ ti tó o, áńpù onígílóòbù kékeré, irú èyí tí ń lo gílóòbù 2A3 tàbí 300B, bá a mu gan-an. Ṣùgbọ́n sípíkà tí ń gbé ohùn kékeré jáde báyìí yóò gbé híhùn àti ṣíṣẹ́ẹ́ inú áńpù jáde pẹ̀lú, nítorí náà áńpù tí kò pariwo ṣe kókó ju èyí tí ó lágbára lọ.

Yàrá àti igun rẹ̀

Yàrá tí ó yẹ gbọ́dọ̀ ní igun méjì ní ojú ògiri kan náà, láìsí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé nítòsí wọn. Etí ẹ̀yìn àpótí gbọ́dọ̀ fara mọ́ ògiri. Fóòmù tí ó rí bí ọ̀pá oníhò, tí àwọn púlọ́ńbà fi ń bo páìpù, ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sí ààrin wọn, pákó ẹsẹ̀ ògiri tí ó bá sì dí i lọ́nà ni a ó gé níbẹ̀. Bí igun méjèèjì bá jìnnà síra, àárín orin máa ń ṣófo. Klipsch fúnra rẹ̀ gbà pé kí a fi sípíkà kẹta sí àárín, ó sì ṣe sípíkà kékeré tí ń jẹ́ Heresy ní ọdún 1957 fún iṣẹ́ yìí.

Ẹni tí yàrá rẹ̀ kò ní igun tí ó dára lè kan igun àtọwọ́dá, ìyẹn páláìwúùdù méjì tí ó nípọn, tí a so pọ̀ bí ògiri lẹ́yìn sípíkà. Bí wọ́n bá ṣe gbòòrò tó ni ohùn ìsàlẹ̀ yóò ṣe jinlẹ̀ tó. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ náà gbé irú tí a sé ẹ̀yìn rẹ̀ pa jáde, tí kò fi dandan jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ògiri tímọ́tímọ́ mọ́. Àwọn kan ń fi pákó sé ẹ̀yìn ti àtijọ́ pẹ̀lú, kí àtẹ́gùn má baà jò láàárín àpótí àti ògiri tí kò tẹ́jú. Inú igun kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé e padà sí lẹ́yìn iṣẹ́ náà.