Ààbò A-ò-rírú-ẹ̀-rí: ohun tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ń pè ní qualified immunity

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Derek Chauvin, ọlọ́pàá ìlú Minneapolis, fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 29, títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ọkùnrin náà. Láti ìgbà náà ni ohun kan tí àwọn amòfin Amẹ́ríkà ń pè ní qualified immunity, ìyẹn ààbò tó lè dí ẹni tí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn ṣe níkà lọ́wọ́ láti gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ẹjọ́, ti wọ inú ìròyìn tiwa náà. Ó tọ́ kí ó wọ̀ ọ́, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ìdí tí ìwà ipá ọlọ́pàá sí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ń tún ara rẹ̀ ṣe ní orílẹ̀-èdè tí ilé ẹjọ́ pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni orúkọ tí a fi ń pè é. Olúkúlùkù oníròyìn ló ń mú èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, olùgbọ́ sì ń lọ sílé pẹ̀lú òye tó lòdì sí òtítọ́.

Àwọn kan ń kọ ọ́ ní "ìmúnítì ọlọ́pàá", bí ẹni pé bí a bá ti fi àmì ohùn lé ọ̀rọ̀ òyìnbó lórí, a ti túmọ̀ rẹ̀. Ìmúnítì kan ṣoṣo tí ará ìlú Nàìjíríà mọ̀ ni ti abala 308 nínú ìwé òfin ọdún 1999, tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ààrẹ, igbá-kejì rẹ̀, gómìnà àti igbá-kejì gómìnà lọ sílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n bá wà lórí àlééfà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n lè mú un, wọ́n lè bá a ṣẹjọ́ ọ̀daràn, wọ́n sì lè jù ú sẹ́wọ̀n. Wọ́n dá Chauvin lẹ́bi ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlélógún àtààbọ̀ jẹ ẹ́ níyà. Ìyá tó ń gbọ́ rédíò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bódìjà yóò bèèrè pé, bí ọlọ́pàá bá ní ìmúnítì, báwo ni eléyìí ṣe dèrò ẹ̀wọ̀n? Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà, ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ni kò tọ̀nà. Ẹjọ́ owó gbà-má-bínú nìkan ni ààbò tí à ń wí yìí ń dí lọ́nà, èyí tí ẹni tí wọ́n ṣe níkà tàbí ẹbí rẹ̀ fúnra wọn pe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Èyí tó burú jù lọ ni "àjẹsára ọlọ́pàá". Mo ti rí i nínú ìwé, mo sì ti gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí i pé ọ̀rọ̀ òyìnbó náà bá ọ̀rọ̀ ìlera tan, ó sì fà á yọ láìwo ẹ̀yìn wò. Àjẹsára ni à ń gún fún ọmọ ọwọ́ kí rọpárọsẹ̀ má baà mú un. Kí ni ó kan adájọ́?

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè é ní "àṣẹ ìpànìyàn". Ìbínú wọn yé mi, mo sì bá wọn pín nínú rẹ̀, àmọ́ ìbínú kì í ṣe ìtumọ̀. Kò sí adájọ́ kankan tó fún ọlọ́pàá láṣẹ láti pànìyàn nípasẹ̀ ààbò yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ló ń sá sábẹ́ rẹ̀. Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ọ̀gá iléèwé ìjọba náà ń lò ó.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún nínú gbogbo wọn, òun ni "ààbò onígbèdéke", tí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ èdè dúró lé lórí gbọn-in. Ó ní ààbò tó ní òpin ni ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ń sọ, gbèdéke sì ni òpin. Òtítọ́ ni, bí a bá ń túmọ̀ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n gbèdéke tí etí ará ìlú mọ̀ lónìí ni èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń fún ìjọba kí wọ́n tó gùn lé ìyanṣẹ́lódì, ìyẹn gbèdéke ọjọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ààbò náà yóò tán lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Pabanbarì rẹ̀ ni pé orúkọ náà kò sọ ohun tí òpin náà jẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ìkà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe ibùgbé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní ààbò a-ò-rírú-ẹ̀-rí. Àwọn baba wa ní, "A ò rírú èyí rí, ẹ̀rù ni wọ́n fi ń ba ọlọ́ràn." Lọ́dọ̀ tiwa, ọlọ́ràn ni gbólóhùn yìí ń dẹ́rù bà. Ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, òun ni ó ń tú ọlọ́ràn sílẹ̀. Bí agbẹjọ́rò ọlọ́pàá bá ti lè fi hàn pé ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dájọ́ lórí ọ̀ràn tó jọ èyí ní àjọra tó ṣe pẹ́kípẹ́kí, ẹjọ́ ti parí. Wọ́n ti lè sọ fún mi pé orúkọ náà gùn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti gbọ́ ìdajì àlàyé, ohun tí mo sì ń fẹ́ lọ́wọ́ orúkọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ewúrẹ́ baálẹ̀ kan jẹ èlùbọ́ tí obìnrin kan sá sórí àpáta. Obìnrin náà gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà. Wọn kò bèèrè bóyá ewúrẹ́ jẹ èlùbọ́, wọ́n bèèrè pé, "Ǹjẹ́ a ti dá irú ẹjọ́ yìí rí?" Ó rán wọn létí pé lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí baálẹ̀ san owó àgbàdo tí ewúrẹ́ yìí kan náà jẹ nínú oko obìnrin mìíràn. Wọ́n ní àgbàdo nìyẹn, èlùbọ́ lèyí. Inú oko nìyẹn, orí àpáta lèyí. Báwo ni baálẹ̀ ì bá ṣe mọ̀? Wọ́n dìde, baálẹ̀ kò san kọ́bọ̀, wọn kò sì sọ bóyá láti ọjọ́ náà lọ, ewúrẹ́ tó bá jẹ èlùbọ́ lórí àpáta yóò di ẹjọ́ tàbí kò ní í dì í. Bí ewúrẹ́ náà bá padà lọ jẹ èlùbọ́ ẹlòmíràn lórí àpáta yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdáhùn kan náà ni wọn yóò fọ̀, nítorí ẹjọ́ àkọ́kọ́ kò bí ìdájọ́ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní ìlú Nashville lọ́dún 2014, ọkùnrin kan tí wọ́n ń lé nítorí olè sá wọ yàrá abẹ́ ilé kan, ó jókòó, ó ní òun na ọwọ́ méjèèjì sókè, síbẹ̀ ọlọ́pàá tú ajá sí i, ajá náà sì bù ú jẹ lábíyá. Nígbà tí ó pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́, ó tọ́ka sí ẹjọ́ kan nínú èyí tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀ kan náà ti sọ pé kò tọ́ láti dẹ ajá sí ẹni tó ti juwọ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ẹni ìjọ́sí dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ni, eléyìí jókòó, ó nawọ́ sókè. Ní Fresno, ìpínlẹ̀ California, àwọn oníṣòwò kan fẹ̀sùn kàn pé nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá tú ilé àti ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú ìwé àṣẹ, wọ́n jí owó àti ẹyọ owó àtijọ́ tó lé ní 225,000 dọ́là. Ilé ẹjọ́ kọ ọ́ sínú ìdájọ́ ọdún 2019 pé ó yẹ kí àwọn ọlọ́pàá náà mọ̀ pé olè jíjà kò dára, ṣùgbọ́n kò tíì sí ìdájọ́ tó là á mọ́lẹ̀ pé jíjí ẹrù tí a fi ìwé àṣẹ kó tako ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ méjèèjì dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 2020, kò sì gba èyíkéyìí nínú wọn wọlé.

Bí ó ṣe débẹ̀ ló yẹ kí ó dun ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Òfin tí wọ́n fi ń pe àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí, ọdún 1871 ni wọ́n ṣe é, nígbà ìjọba Ulysses Grant, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé tú àwọn ẹrú sílẹ̀, tí Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, sì ń pa wọ́n, tí àwọn agbófinró ìbílẹ̀ ń wò wọ́n níran. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tó bá fi agbára ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lójú yóò jẹ́jọ́, yóò sì san gbà-má-bínú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn fún àádọ́rùn-ún ọdún, kí ó tó di 1961 tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi gba ẹjọ́ ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní Chicago, tí ọlọ́pàá 13 já wọ ilé wọn ní ìdájí, tí wọ́n mú wọn dúró níhòòhò ní pálọ̀. Ọdún yẹn náà ni àwọn àlùfáà ìjọ Episcopal 15, dúdú àti funfun, jọ wọ yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun ní ibùdókọ̀ ìlú Jackson, ìpínlẹ̀ Mississippi. Ọlọ́pàá kó wọn, adájọ́ sì ní kí wọ́n lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin, kí olúkúlùkù wọn tún san 200 dọ́là. Nígbà tí wọ́n fi òfin 1871 pe àwọn ọlọ́pàá náà lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 1967 pé ọlọ́pàá tó bá fi ọkàn rere ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lè rí ààbò. Bí òfin tí wọ́n ṣe nítorí aláwọ̀ dúdú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìhà kejì nìyẹn. Ní 1982, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọkàn kúrò pátápátá, wọ́n fi ìbéèrè mìíràn rọ́pò rẹ̀: ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ náà ti fìdí múlẹ̀ kedere tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ní làákàyè yóò fi mọ̀ ọ́n? Ní 2009, wọ́n gba àwọn adájọ́ láyè láti dáhùn ìbéèrè yìí nìkan, kí wọ́n fi èyí tó bèèrè bóyá wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ lójú sílẹ̀ láìdáhùn.

Kò sí ibì kankan nínú òfin 1871 tí wọ́n ti kọ ààbò yìí. Àwọn adájọ́ ló gbé e kalẹ̀. Clarence Thomas àti Sonia Sotomayor, adájọ́ méjì ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tí èrò wọn kì í sábà pàdé, ti bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ń lò ó, kálukú láti ìhà tirẹ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní bí kò bá sí i, ọlọ́pàá yóò tọrọ jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joanna Schwartz ti Yunifásítì California ní Los Angeles yẹ ìwé owó wò láàárín ọdún 2006 sí 2011 ní ọ̀pọ̀ ìlú, ó sì rí i pé nínú owó tí wọ́n san fún àwọn tó pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́, ìjọba ló san ìdá 99.98 nínú ọgọ́rùn-ún. Minneapolis ló san mílíọ̀nù 27 dọ́là fún ẹbí Floyd, New York ló sì san mílíọ̀nù 3 fún ẹbí Amadou Diallo, ọmọ Guinea tí ọlọ́pàá mẹ́rin yìnbọn fún ní ìgbà 41 lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́dún 1999.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Burkina Faso ṣojú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti bèèrè ìjókòó pàjáwìrì lórí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìwà ipá ọlọ́pàá ní Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva. Àbúrò Floyd bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Amẹ́ríkà, tó ń kọ ìwé lọ́dọọdún nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní orílẹ̀-èdè àwọn ẹlòmíràn, kò sí lára ọmọ ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn, ó ti kúrò níbẹ̀ ní 2018. Àwọn tó ń wo orílẹ̀-èdè náà láti òkèèrè ń fi iye ilé tó jóná àti iye ìbọn tó dún wọn ìfàsẹ́yìn rẹ̀. Èmi gbà pé inú àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí ni ìfàsẹ́yìn náà wà, níbi tí ilé ẹjọ́ ti rí ìwà ìkà, tí ó ní agbára láti sọ pé ìkà ni, tí ó sì yàn láti dákẹ́. A kò lè sọ pé bákan náà lọmọ ń ṣorí pẹ̀lú tiwa, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń sọ láti ìgbà ìwọ́de EndSARS. Abala 35 nínú ìwé òfin wa ní ẹni tí wọ́n bá mú láìtọ́ yóò gba owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Àìsàn tiwa ni pé adájọ́ a dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ láre, ẹni náà yóò sì máa gbé ìwé ìdájọ́ kiri láìrí owó gbà.

Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àbádòfin tí wọ́n fi orúkọ Floyd pè ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ṣùgbọ́n ó há sí Ilé Aṣòfin Àgbà, ọ̀rọ̀ ààbò yìí sì wà lára ohun tó há a. Ìpínlẹ̀ Colorado kò dúró dè wọ́n, nítorí gómìnà ibẹ̀ ti buwọ́ lu òfin tiwọn láti oṣù Kẹfà ọdún 2020, New Mexico sì tẹ̀ lé e ní 2021. Ẹni tí ọlọ́pàá bá ṣe níkà ní Denver lónìí, tí ó sì pẹjọ́ lábẹ́ òfin Colorado, agbẹjọ́rò ọlọ́pàá kò lè dìde sọ fún un pé a ò rírú ẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ òfin 1871 ni ó fi pe ọlọ́pàá kan náà lórí ọ̀ràn kan náà, agbẹjọ́rò ọlọ́pàá ṣì lè sọ ọ́.