Ẹ ti gba ìyàwó òyìnbó tán, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Èkìtì kete, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa ń mú òyìnbó wálé l'Ádó níbí, ọkùnrin wọn ń mú wọn wá, obìnrin wọn ń mú wọn wá, inú mi sì dùn sí i gan-an. Láyé àwọn bàbá wa, bí ọmọ bá kọ lẹ́tà wálé pé òun ti rí aya lókè òkun, ńṣe ni gbogbo ẹbí á fajú ro bíi pé òkú sùn nílé, wọ́n á ní ọmọ àwọn ti sọnù nìyẹn. Lónìí, ìyá ọkọ gan-an ló ń sáré ra aṣọ ẹbí, á wé gèlè fún ìyàwó, á fi ọmọ odó lé e lọ́wọ́ pé kó gún iyán, wọ́n á ya fídíò ẹ̀ sórí WhatsApp, ó parí.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Nígbà tí Seretse Khama ti Botswana fẹ́ Ruth Williams, ọmọ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ní 1948, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò nílùú ẹ̀, 1956 ló tó padà wọlé, ọkùnrin yẹn náà ló wá di ààrẹ wọn àkọ́kọ́ ní 1966. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 èèyàn tí Gallup, iléeṣẹ́ tó máa ń wádìí èrò aráàlú, bi léèrè ní 1958, 4 péré ló fọwọ́ sí kí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú fẹ́ra, nígbà tó fi máa di 2021 ó ti di 94. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ìyẹn á sọ tiwọn, ẹ̀jẹ̀ ni tèmi, lábù ni mo wà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni kí ọ̀dọ́mọkùnrin wá ṣe jẹ́nótáìpù, kí n ní afẹ́sọ́nà ẹ ńkọ́, kó ní "ẹ̀gbọ́n, òyìnbó ni, wọn ò ní in." Ta ló sọ fún ẹ? AS, jẹ́nótáìpù tó gbé sickle cell, wà ní Gíríìsì, ó wà ní Ítálì, Tọ́kì, Íńdíà, Saudi, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sì rèé, ẹnì kan nínú 13 wọn ló gbé e. Tí ìwọ bá jẹ́ AS, kóun náà wá ṣe tiẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́nótáìpù kọ́ ló ń dùn mí jù, ariwo yẹn ti pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Rhesus ni. Òun ni positive tàbí negative tó máa ń tẹ̀lé blood group yín, bí A, B, AB tàbí O. Nínú 100 òyìnbó, bíi 15 ni tiwọn jẹ́ negative, láàárín tiwa kò ju bíi 5 tàbí 6 lọ, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń gbàgbé àtibéèrè. Bí obìnrin negative bá fẹ́ ọkùnrin wa tó jẹ́ positive, ó ṣeé ṣe gan-an kí ọmọ jẹ́ positive. Oyún àkọ́kọ́ sábà máa ń lọ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìtànjẹ wà. Bí ọmọ bá ń jáde, tàbí tí oyún wálẹ̀, tàbí tí wọ́n fọ inú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀ á yà wọnú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ara ìyá ò mọ̀ ọ́n rí, ló bá kó ọmọ ogun dìde sí i, àwọn ọmọ ogun yẹn kì í sì í túká mọ́. Oyún tó bá tẹ̀lé e ni wọ́n máa dojú kọ, ẹ̀jẹ̀ á máa tán lára ọmọ nínú ilé ọmọ, ó lè kú síbẹ̀, tàbí kí wọ́n bí i kí ojú àti ara ẹ̀ yọ yẹ́lò láàárín ọjọ́ kìíní.

Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun yẹn dìde wà o! Anti-D, Rhogam làwọn oníkẹ́míìsì ń pè é, láti 1968 ló ti wà. Wọ́n á fún un ní ọ̀sẹ̀ 28 oyún, wọ́n á tún fún un láàárín wákàtí 72 tó bá bímọ tán tí ọmọ sì jẹ́ positive, bí oyún bá wálẹ̀ náà ẹ béèrè ẹ̀ kíákíá. Owó ẹ̀ ò kéré, fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, kì í sì í sí ní gbogbo kẹ́míìsì, ẹ má dúró dọjọ́ ìrọbí kẹ́ ẹ tó máa wá a kiri Adó.

Ìyàwó òyìnbó kan wà tó jẹ́ A negative, ó mọ̀ dáadáa, ó kàn rò pé wọ́n á béèrè lọ́wọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú ẹ̀ ni. Oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀, ọsibítù kékeré kan fọ inú fún un, ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan. Ó lóyún kejì, òkú ọmọ ló bí. Ìyá ọkọ yìí kan náà tó wé gèlè fún un, tó ń pè é ní "ìyàwó mi", ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní ìwòkuwò, àwọn àbúrò ọkọ ní ṣé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, wòlíì ní àwọn baba ńlá ò fẹ́ àwọ̀ funfun nínú ìdílé, kí wọ́n wá tan àbẹ́là. Ẹlòmíì ta àgbo ìfọ̀jẹ̀ fún wọn. Ìfọ̀jẹ̀ kẹ̀! Ọdún 5 la fi ń ka iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, ẹni tí ò rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù rí ló fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ wa, Coombs, àyẹ̀wò tó ń wá àwọn ọmọ ogun yẹn nínú ẹ̀jẹ̀, tí mo ṣe fún un ti pọ́sítífù, àwọn ọmọ ogun ti wà ńlẹ̀, Rhogam ò sì lè lé wọn mọ́. Mo pe ìyá ọkọ jókòó, mo ní Mọ́mì, ẹ̀bi ìyàwó kọ́, ẹ̀bi baba ńlá kankan kọ́, dókítà tó mọ̀ nípa irú oyún báyìí ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ bó bá tún lóyún, wọ́n lè fún ọmọ lẹ́jẹ̀ nínú ikùn níbi tó bá ti le. Ìyá sunkún, wọ́n bẹ ìyàwó wọn níbẹ̀. Wọ́n ti lọ bá dókítà báyìí. Wòlíì ṣì ń pe ọkọ lórí fóònù o, ó ní owó àbẹ́là ò tíì pé.