Ológbò abà àti adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri

Ológbò abà ni ológbò tí wọ́n ń sìn sí àyíká àká, abà tàbí ilé ẹran, kì í ṣe nínú yàrá, kó lè máa dẹ eku níbẹ̀. Adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ni èyí tí wọn kò há mọ́ àgò tọ̀sán-tòru. Yóò jáde láàárọ̀ lọ fẹsẹ̀ tú ilẹ̀, yóò sì wọlé sùn nírọ̀lẹ́. Wọ́n sábà máa ń bá ara wọn nínú oko kan náà, nítorí pé oúnjẹ adìyẹ ló ń fa eku, eku ló sì ń fa ológbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin wọ́n pọ̀ kọ́kọ́ ń bẹ̀rù ni pé ológbò á pa àgbébọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Òròmọdìyẹ ni ológbò léwu fún, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Tí ìgbà yẹn bá ti kọjá, oògùn, májèlé eku àti ìgbẹ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn ju èékánná lọ.

Bí wọ́n ṣe di ará ilé kan náà

Ológbò ilé (*Felis catus*) ṣẹ̀ wá láti ara ológbò igbó tí à ń pè ní *Felis lybica*. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Àárín Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà sínú àká, ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, eku tẹ̀lé ọkà, ológbò igbó sì tẹ̀lé eku. Ní erékùṣù Kípírù, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun ológbò kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ní ti adìyẹ, ara adìyẹ igbó pupa ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ló ti wá. Nítorí náà, kò sí ohun kan tí ológbò jogún tó sọ fún un pé ẹyẹ yìí kì í ṣe ẹran ọdẹ. Ìwọ̀n ara adìyẹ ló ń kọ́ ọ, tàbí kí olówó rẹ̀ kọ́ ọ.

Òwe tó ní bí ológìnní bá jáde, ilé a di ilé èkúté, bá èkúté kékeré mu ju eku ńlá lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, àwọn onímọ̀ fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn ológbò ní ilé ìkódọ̀tí kan ní Brooklyn, ní New York, fún ọjọ́ 79. Ìgbà 20 péré ni wọ́n rí ológbò tó ń yọ́ lépa eku ńlá, eku 2 ni wọ́n sì pa. Ẹni tó ní ológbò kò lè torí rẹ̀ fi oúnjẹ adìyẹ sílẹ̀ láìdé.

Àgbébọ̀, àkùkọ àti òròmọdìyẹ

Ológbò tó ti dàgbà sábà máa ń wọn kílò 3 sí 5. Àgbébọ̀ adìyẹ tó tóbi máa ń wọn kílò 2 sí 3, ó sì ní ìyẹ́ tó lè gbọ̀n, ẹnu tó ń sọ àti èékánná tirẹ̀. Ẹran ọdẹ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í wu ológbò. Èyí tó bá tún ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ kì í dúró de ìjà: yóò tan ìyẹ́ rẹ̀, yóò sì kọlu ológbò kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ológbò abà ló jẹ́ pé ìyá adìyẹ kan ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ yìí, wọn kì í sì í gbàgbé. Àwọn adìyẹ kúkúrú tí kò wọn ju kílò 1 lọ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ òròmọdìyẹ yàtọ̀ pátápátá. Èkúté kékeré wọn nǹkan bí gíráàmù 20, òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin sì wọn nǹkan bí gíráàmù 40. Ó kéré, ó ń ké ṣíoṣío, ó sì ń sáré síwá sẹ́yìn. Lójú ológbò, èkúté tó wọ ìyẹ́ ni. Ológbò tó ti ń gba àárín àgbébọ̀ kọjá fún ọdún márùn-ún láìwò wọ́n lè gbé òròmọdìyẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá rí i. Kì í ṣe pé ìwà rẹ̀ bàjẹ́ lójijì: ohun mìíràn ló rí.

Ẹyin kì í sábà kó sí ọwọ́ ológbò. Ó lè lá èyí tó ti fọ́, ṣùgbọ́n bí ẹyin odidi bá ń pòórá nínú ìtẹ́, eku ńlá, ejò tàbí adìyẹ fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Eku ńlá tún máa ń wọ́ òròmọdìyẹ lọ sínú ihò rẹ̀ lóru, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ológbò ni wọ́n máa ń dì í rù.

Ibi tí a ń tọ́ òròmọdìyẹ sí

Òròmọdìyẹ tí kò ní ìyá nílò ooru nǹkan bí 35°C ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí a ó sì máa dín in kù ní nǹkan bí 3°C lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ìyẹ́ gidi yóò fi bò ó, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ooru yìí gan-an ló ń pe ológbò. Bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ pa ohunkóhun, yóò fẹ́ sùn sórí àpótí náà, páálí tàbí nẹ́ẹ̀tì tí a kàn nà lé e lórí yóò sì wó sórí àwọn ọmọ. Bí ológbò bá ta iná tó ń fún wọn ní ooru lulẹ̀ sórí koríko gbígbẹ, abà náà lè jóná. Nítorí náà, ìbòrí tó le, tó lè gbé ológbò kílò 5 láìtẹ̀, ni ó yẹ, kí a sì fi ẹ̀wọ̀n so iná náà ní ọ̀nà méjì, kì í ṣe okùn kan ṣoṣo.

Wáyà tí wọ́n ń tà fún ilé adìyẹ, tí ojú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ń dá adìyẹ dúró sínú ni, kò dá ẹsẹ̀ ológbò dúró síta. Ológbò ń na ọwọ́ gba ojú rẹ̀ kọjá. Wáyà líle tí wọ́n jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1.3 lọ, ló dára, ó sì ń dí eku ńlá lọ́nà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ olùsìn kì í jẹ́ kí òròmọ bá ológbò jẹ̀ ní gbangba kó tó pé ọ̀sẹ̀ kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n ara rẹ̀ pinnu ju ọjọ́ orí lọ.

Mímú ológbò wọ àárín adìyẹ

Ọmọ ológbò ń kọ́ ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ayé rẹ̀. Ní 1930, Zing-Yang Kuo, onímọ̀ ìhùwàsí ẹranko ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, gbé ìwádìí jáde nípa àwọn ọmọ ológbò tó tọ́ dàgbà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú 21 tó ń wo bí ìyá wọn ṣe ń pa eku, 18 di apeku. Nínú 18 tí àwọn àti eku jọ dàgbà, 3 péré ló pa eku. Ọmọ ológbò tó bá kọ́kọ́ mọ àgbébọ̀ gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò tó ń sọni lẹ́nu yóò rọrùn láti bá gbé. Ṣùgbọ́n ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà nílò ààbò, nítorí adìyẹ lè fi ẹnu sọ ọ́ lójú.

Ológbò àgbà tó wá láti ibòmíràn ni kí a há mọ́ yàrá tàbí àgò ńlá nínú abà náà fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, pẹ̀lú oúnjẹ, omi àti ibi ìyàgbẹ́. Bí a bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, yóò sá lọ. Títẹ akọ lọ́dàá, tàbí iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí abo bímọ mọ́, ń dín rírìn kiri àti ìjà kù. Kì í mú kó dẹ́kun ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ọ́ di ọ̀lẹ bí àwọn kan ṣe ń rò.

Ebi kọ́ ló ń kọ́ ológbò ní iṣẹ́ ọdẹ, torí náà fífi ebi pa á kò wúlò. Ńṣe ló ń mú kó wo ohun tó tóbi. Ìwádìí tí University of Exeter gbé jáde ní 2021 fi hàn pé oúnjẹ tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ dín ẹran ọdẹ tí ológbò ń gbé wálé kù ní 36%, bíbá a ṣeré fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 lójoojúmọ́ sì dín in kù ní 25%.

Oúnjẹ ológbò ni kí a gbé sí ibi gíga tí adìyẹ kò ti lè jẹ ẹ́ tán, kí a sì kó ìyókù rẹ̀ kúrò kó tó di alẹ́. Ológbò kò lè fi oúnjẹ adìyẹ yè: ó nílò taurine, èròjà oúnjẹ kan tí ara ẹran ló ti ń rí i, àìní rẹ̀ sì ń ba ojú àti ọkàn rẹ̀ jẹ́.

Oògùn àti májèlé

Permethrin, oògùn apakòkòrò kan, wọ́pọ̀ nínú ìyẹ̀fun àti omi tí wọ́n ń lò fún kòkòrò afẹ̀jẹ̀mu ara adìyẹ. Adìyẹ ń fara dà á. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú u palẹ̀ bó ṣe yẹ, èyí tó bá sì lágbára lè mú kí ológbò máa gbọ̀n, kí gìrì mú un, kó sì kú. Nítorí náà, ilé adìyẹ tí a fín gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí ológbò tó wọ̀ ọ́.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Fipronil, tí wọ́n ń kán sí ológbò lẹ́yìn ọrùn nítorí kòkòrò, kò tọ́ sí adìyẹ tí ènìyàn ń jẹ ẹyin rẹ̀. Ní 2017, wọ́n kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹyin kúrò lọ́jà ní Yúróòpù lẹ́yìn tí oògùn yìí dàpọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ní ilé adìyẹ ní Netherlands àti Bẹ́ljíọ̀mù.

Àwọn oúnjẹ adìyẹ kan tún ní oògùn tó ń dènà àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú. Salinomycin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣèèṣì wọ oúnjẹ ológbò ní Netherlands ní 1996, ó sì mú kí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ológbò rọ. Àpò oúnjẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú agolo tó ní ìdérí.

Májèlé eku tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Eku náà yóò máa rìn bí ọ̀mùtí fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì rọrùn fún ológbò, tàbí fún adìyẹ tó ń jẹ èkúté, láti mú un. Oko tó ní ológbò apeku kò gbọdọ̀ lo májèlé bẹ́ẹ̀ rárá.

Àìsàn àti ọgbẹ́

Iyanrìn tàbí eérú gbígbẹ tí adìyẹ fi ń wẹ ara ni ibi ìyàgbẹ́ tó dùn jù lójú ológbò. Ibẹ̀ sì ni kòkòrò *Toxoplasma gondii* lè gbà dé ọ̀dọ̀ adìyẹ. Ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o máa ń yà á jáde fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ó ń gba ọjọ́ 1 sí 5 kí èyí tó jáde tó lè ran ẹlòmíràn, nítorí náà kíkó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ń dín ewu rẹ̀ kù gan-an. Adìyẹ tó kó o sábà máa ń wà láìṣàìsàn, kòkòrò náà a sì wà nínú ẹran ara rẹ̀. Ẹran tí a sè dé 74°C kò ní í mọ́. Ó yẹ kí aláboyún jìnnà sí ìgbẹ́ ológbò. Ohun tó rọrùn jù ni láti fi pákó bo ibi ìwẹ̀ adìyẹ lóru, kí a sì ṣe àpótí iyanrìn mìíràn fún ológbò.

Àrùn lùkúlùkú tí fáírọ́ọ̀sì H5N1 ń fà ń pa ológbò pẹ̀lú. Ó pa ológbò ní Poland ní 2023, àti ní àwọn oko màlúù ní Amẹ́ríkà ní 2024 lẹ́yìn tí wọ́n mu wàrà tí a kò sè. Bí adìyẹ bá ń kú lójijì, kí a há ológbò mọ́lé, kí a má sì fún un ní òkú tàbí ìfun adìyẹ ní tútù.

Ojú ọgbẹ́ eyín ológbò máa ń kéré, ó sì jinlẹ̀. Kòkòrò àrùn *Pasteurella multocida*, tó ń gbé ní ẹnu ológbò, lè wọ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ láti ibẹ̀. Adìyẹ tí ológbò gé jẹ, kódà tó bá ń rìn dáadáa, nílò kí a fọ ọgbẹ́ rẹ̀, kí dókítà ẹran sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà. Kí a yà á sọ́tọ̀ títí yóò fi jinná, nítorí bí àwọn adìyẹ yòókù bá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọn yóò máa sọ ọ́ lójú ọgbẹ́ náà.