Yàrá tí àwọ̀ kì í ti í sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá wọ Room for one colour, iṣẹ́ ọnà tí Olafur Eliasson gbé jáde ní 1997, kò ní bá àwòrán kankan níbẹ̀. Iná tó wà lókè àjà ni iṣẹ́ ọ̀hún. Àfi tó bá wo ara ẹ̀: aṣọ pupa tó wọ̀ ti dà bí eérú, ètè ẹni tó dúró níwájú ẹ̀ sì ti ṣú.

Wọ́n á ní iná náà ló kun gbogbo nǹkan ní yẹ́lò. Kò kun nǹkan kan o! Tó bá jẹ́ kíkùn ni, dígí yẹ́lò lásán ì bá ti ṣe é. Èèyàn tó fi dígí yẹ́lò sójú ṣì máa mọ ewé yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, torí dígí náà ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti àwọ̀ ewé kọjá. Gílóòbù sódíọ̀mù ti inú yàrá yìí, irú èyí tí wọ́n ń fi sójú títì tẹ́lẹ̀, kò ní wọn rárá. Nǹkan bíi 589 nanómítà ni gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, ìyẹn yẹ́lò nìkan, ibẹ̀ náà ló sì mọ.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ń bá ojú mọ àwọ̀, ìkankan nínú wọn ò sì lè dá a mọ̀. Ọpọlọ ló ń fi ohun tí ọ̀kan gbà wé ti èkejì. Àfi bíi dò, rè, mí. Ẹni tó bá fi ohùn kan ṣoṣo pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó lè pariwo, ó lè rọra sọ ọ́, kò sí ọgbọ́n míì tó kù. Nínú yàrá náà, ariwo yẹn ni yẹ́lò, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn ni dúdú. Bí a sì ṣe ń fi òye gbé àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lámì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni àlejò ibẹ̀ ń fi òye gbé aṣọ ẹ̀: ó mọ̀ pé pupa ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé òun ṣì ń rí i.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ Eliasson wà gan-an ni pé kò fi nǹkan kan pamọ́. Ní Tate Modern, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2003, irú iná yìí kan náà ni Eliasson fi ṣe oòrùn, àmọ́ ìlàjì oòrùn ni. Dígí tó tẹ́ sí òkè àjà ló parí ìyókù, ẹni tó bá gbójú sókè á sì rí dígí náà kedere. Oòrùn ò torí ẹ̀ wọ̀. Fọ́tò ò lè gbé irú nǹkan báyìí, torí inú ojú èèyàn ni ẹ̀rọ ẹ̀ wà.

Tí èèyàn bá jáde, ògiri funfun lè dà bí ohun tí wọ́n rẹ sínú aró fún ìgbà díẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba yẹ́lò ti rẹ̀, èyí tó ń gba aró ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.